Àìsàn Èémí Tó Le: Ṣíṣe Àyẹ̀wò Àmì Àrùn Nígbà Tí Owó Bá Ń Kọ Aláìsàn Lóminú

Àwọn kókó pàtàkì

- Òtútù àyà wà lára àwọn àrùn tó ń pa ọmọdé jù lọ lágbàáyé. Ní ọdún 2019, ó pa ọmọ 740,180 tí wọn kò tíì pé ọdún márùn-ún. Èyí jẹ́ ìdá 14 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo ikú àwọn ọmọ tó wà ní ọjọ́ orí bẹ́ẹ̀.
- Ojú àti etí lè mọ àwọn àmì tó ń fi hàn pé àìsàn èémí ti le. Kíka èémí àti wíwo àyà kò nílò yàrá àyẹ̀wò, kò sì ná aláìsàn ní kọ́bọ̀.
- Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, àyẹ̀wò kẹ̀lẹ̀bẹ̀ àti X-ray ní ìwúlò tiwọn, ṣùgbọ́n kò yẹ kí ìtọ́jú pàjáwìrì dúró dè wọ́n.
- Aláìsàn tó ń bẹ̀rù iye owó gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún òṣìṣẹ́ ìlera kí ó má bàa sá padà sílé. Òṣìṣẹ́ ìlera tó bá mọ̀ bí ọwọ́ aláìsàn ṣe rí lè yan àyẹ̀wò tó pọn dandan, kí ó sì fi èyí tó lè dúró sílẹ̀.
- Àwọn ìtọ́jú kan wà tí ìjọba Kamẹrúùnù ti sọ di ọ̀fẹ́. Lára wọn ni oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ, oògùn kòkòrò HIV, àti ìtọ́jú ibà tí kò le fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún.

Àkópọ̀

Àìsàn èémí ni orúkọ tí a ń pe gbogbo àrùn tó bá dé imú, ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà èémí tàbí ẹ̀dọ̀fóóró. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn, bí ọ̀fìnkìn àti ikọ́ ọlọ́jọ́ díẹ̀, a máa lọ fúnra wọn láìgba oògùn púpọ̀. Ìwọ̀nba díẹ̀ a máa wọ inú ẹ̀dọ̀fóóró, wọn a sì di òtútù àyà. Nínú òtútù àyà, àwọn àpò kéékèèké inú ẹ̀dọ̀fóóró, tí ó yẹ kí afẹ́fẹ́ wà nínú wọn, a kún fún omi àti ọyún. Mímí a ṣòro, afẹ́fẹ́ ọ́síjìn tó ń wọ inú ẹ̀jẹ̀ a sì dín kù.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ẹnikẹ́ni gbọ́dọ̀ béèrè nípa àìsàn èémí ni pé, “Ǹjẹ́ ó ti le?” Lẹ́yìn ìyẹn ni a tó béèrè pé, “Kòkòrò wo ló fà á?” Àyẹ̀wò inú yàrá àyẹ̀wò a máa dáhùn ìbéèrè kejì. Ìbéèrè àkọ́kọ́, èémí aláìsàn fúnra rẹ̀ ló ń dáhùn rẹ̀. Bí àwọn ènìyàn bá da ìbéèrè méjèèjì pọ̀ mọ́ ara wọn, wọn a rò pé kò sí ohun tí a lè mọ̀ láìsanwó, wọn a sì jókòó sílé títí àkókò yóò fi kọjá.

Ndokoti: ibi tí owó ti ń pinnu àkókò

Ndokoti jẹ́ ìkóríta ńlá kan ní agbègbè Douala Kẹta, ní ìlú Douala tí í ṣe ìlú èbúté àti ojúkò òwò Kamẹrúùnù. Ọjà wà níbẹ̀, ibùdókọ̀ wà níbẹ̀, ọ̀kadà tí àwọn ará ìlú ń pè ní bendskin kì í sì í dáwọ́ dúró. Àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tó ń lọ sí àwọn ilé iṣẹ́ Bassa a máa gba ibẹ̀ kọjá. Eruku, èéfín ọkọ̀ àti èéfín ẹyìnná àwọn tó ń dáná oúnjẹ lẹ́bàá ọ̀nà a máa pàdé ní ojú kan. Ní oṣù keje àti oṣù kẹjọ, nígbà tí òjò Douala bá ń rọ̀ jù lọ, àwọn ènìyàn a fún mọ́ra nínú yàrá kan ṣoṣo pẹ̀lú fèrèsé títì. Gbogbo èyí ló ń mú kí ikọ́ tètè ràn láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan sí ẹlòmíràn.

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní irú ìkóríta bẹ́ẹ̀ ló jẹ́ pé owó òòjọ́ ni wọ́n ń jẹ. Ọjọ́ tí wọn kò bá jáde, kò sí owó. Ní Kamẹrúùnù, bí í ti rí ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Áfíríkà, apá tó pọ̀ jù nínú owó ìtọ́jú ló ń ti àpò aláìsàn àti ẹbí rẹ̀ jáde, ní ọjọ́ tí àìsàn bá dé gan-an. Nítorí náà, bí ọmọ bá ń wúkọ́, ẹ̀rù owó àyẹ̀wò lè ba òbí ju ẹ̀rù ikọ́ náà lọ.

Àpẹẹrẹ tó tẹ̀ lé e yìí kì í ṣe ìtàn ẹnì kan pàtó. A kó o jọ láti fi ṣàlàyé ohun tó sábà máa ń ṣẹlẹ̀.

Ìyá kan tó ń ta aṣọ ní Ndokoti ní ọmọ oṣù mẹ́rìnlá. Ọmọ náà ti ń wúkọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta, ara rẹ̀ sì gbóná. Ìyá rántí pé nígbà tí ẹ̀gbọ́n ọmọ náà ṣàìsàn, wọ́n kọ ìwé àyẹ̀wò mẹ́rin fún un ní ilé ìwòsàn aládàáni kan, owó ọjà ọ̀sẹ̀ kan sì bá a lọ. Ó pinnu láti ra oògùn ikọ́ olómi lọ́wọ́ ẹni tó ń kiri. Ní òru ọjọ́ kẹrin, aládùúgbò rẹ̀ kan tó dàgbà jù ú lọ wá bá a, ó gbé aṣọ ọmọ sókè, ó sì ní, “Ọmọ mi, wo abẹ́ ìhà rẹ̀. Àyà ọmọ yìí ń wọnú. Èyí kì í ṣe ikọ́ lásán mọ́.”

Ohun tí ìyá àgbà yìí ṣe kò gba owó. Òun gan-an ni àyẹ̀wò àkọ́kọ́.

Àyẹ̀wò tí kò gba owó: àwọn ọmọdé

Kíka èémí

Ìmísímú kan àti ìmísíta kan jẹ́ èémí kan. Kí ọmọ dákẹ́ jẹ́ẹ́, kí ó má máa sunkún, kí ó má sì máa mu ọmú lọ́wọ́. Kí òbí gbé aṣọ ọmọ sókè, kí ó tẹjú mọ́ ikùn àti àyà rẹ̀, kí ó sì ka èémí fún ìṣẹ́jú kan gbáko pẹ̀lú aago tàbí fóònù. Ìṣẹ́jú kan gbọ́dọ̀ pé, nítorí pé èémí ọmọdé kì í lọ ní ìwọ̀n kan náà.

Èémí ti yára jù bí ó bá tó iye yìí tàbí bí ó bá jù ú lọ:

- Ọmọ tí kò tíì pé oṣù méjì: 60 ní ìṣẹ́jú kan. Bí ó bá tó bẹ́ẹ̀, kí a tún un kà lẹ́ẹ̀kejì.
- Ọmọ oṣù méjì sí oṣù mọ́kànlá: 50 ní ìṣẹ́jú kan.
- Ọmọ ọdún kan títí dé ìgbà tí yóò pé ọdún márùn-ún: 40 ní ìṣẹ́jú kan.

Ọmọ tó ń wúkọ́ tí èémí rẹ̀ sì yára tó báyìí gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ òṣìṣẹ́ ìlera ní ọjọ́ náà gan-an. Ní ti ọmọ tí kò tíì pé oṣù méjì, kò sí pé à ń wò ó nílé: ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbé e lọ lójú ẹsẹ̀.

Wíwo àyà àti gbígbọ́ ohùn èémí

Nígbà tí ọmọ tí ara rẹ̀ dá bá mí símú, àyà àti ikùn rẹ̀ a jọ wú síta. Nínú òtútù àyà tó ń le, ìsàlẹ̀ àyà, ní abẹ́ egungun ìhà, a máa wọnú nígbà tí ọmọ bá mí símú. Bí èyí bá hàn kedere tí kò sì dáwọ́ dúró bí ọmọ tilẹ̀ dákẹ́ jẹ́ẹ́, àmì pàtàkì ni. Ihò imú tó ń fẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ọmọ bá mí, ìkérora pẹ̀lú ìmísíta kọ̀ọ̀kan, àti ohùn líle tó ń dún nígbà tí ọmọ tó dákẹ́ bá ń mí símú náà ń fi hàn pé iṣẹ́ mímí ti wọ ọmọ lọ́rùn.

Àwọn àmì ewu

Ọ̀kan ṣoṣo nínú àwọn àmì wọ̀nyí tó láti gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, ìbáà jẹ́ ọ̀sán, ìbáà jẹ́ òru:

- ọmọ kò lè mu omi tàbí ọmú;
- ó ń bi gbogbo ohun tó bá jẹ tàbí tó bá mu;
- gìrì mú un;
- ó rẹ̀ ẹ́ débi pé jíjí rẹ̀ ṣòro, tàbí kò mọ ohun tó ń lọ láyìíká rẹ̀;
- ètè tàbí ahọ́n rẹ̀ ń yí àwọ̀ padà bí aró. Lára ẹni tí àwọ̀ rẹ̀ dúdú, inú ẹnu àti ahọ́n ni kí a wò, nítorí pé ó lè má hàn lójú awọ ara.

Àyẹ̀wò tí kò gba owó: àwọn àgbàlagbà

Àgbàlagbà lè sọ bí ó ti ń ṣe é, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ a máa fi àìsàn pamọ́ nítorí owó ilé. Àwọn tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ fojú sílẹ̀. Àwọn àmì tó ń pe ènìyàn sí ilé ìwòsàn ní kíákíá ni ìwọ̀nyí:

- èémí rẹ̀ tó 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan nígbà tó jókòó jẹ́ẹ́;
- kò lè sọ gbólóhùn kan tán kó tó dákẹ́ láti mí;
- ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò já geere mọ́, tàbí kò mọ ibi tó wà;
- àyà ń dùn ún gan-an, tàbí ó ń wú ẹ̀jẹ̀ mọ́ ikọ́;
- òòyì ń kọ́ ọ, tàbí ó dákú;
- ètè tàbí ahọ́n rẹ̀ ń yí àwọ̀ padà.

Kí a kíyè sí i pé ara arúgbó lè má gbóná rárá bí òtútù àyà tilẹ̀ mú un. Nígbà mìíràn, àmì àkọ́kọ́ ni pé kò jẹun mọ́ tàbí pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ dàrú lójijì. Aláboyún, ẹni tó ti lé ní ọdún 65, àti ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, ikọ́ fée, àrùn ọkàn, àrùn fòní-kú-fọ̀la-dìde tàbí kòkòrò HIV kò gbọ́dọ̀ dúró kí àmì ewu pọ̀ kí wọ́n tó lọ rí òṣìṣẹ́ ìlera.

Bí a ṣe mọ̀ pé ojú àti aago tó

Àwọn kan lè rò pé kíka èémí jẹ́ ọgbọ́n àwọn aláìní, pé ẹni tó bá lówó ni yóò rí àyẹ̀wò gidi ṣe. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, ní ìlú Goroka lórílẹ̀-èdè Papua New Guinea, òtútù àyà ń pa ọmọ púpọ̀, àwọn ilé ìtọ́jú abúlé kò sì ní X-ray. Dókítà àwọn ọmọdé Frank Shann àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ wo àwọn àmì tí ojú lè rí lára àwọn ọmọ tó ń wúkọ́. Ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1984 fi hàn pé ìyára èémí lè fi ọmọ tó nílò oògùn apakòkòrò hàn, àti pé wíwọnú àyà lè fi ọmọ tó yẹ kí wọ́n dá dúró sí ilé ìwòsàn hàn. Láti orí irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ṣe ìlànà tí nọ́ọ̀sì àti òṣìṣẹ́ ìlera abúlé ń lò káàkiri ayé. Ní àwọn ọdún 1990, Àjọ náà àti UNICEF sọ ọ́ di ara ìlànà ìtọ́jú gbogbo àrùn ọmọdé.

Títí di òní, ìlànà náà kò béèrè X-ray fún ọmọ tí òtútù àyà rẹ̀ kò le, tó sì lè gba ìtọ́jú láti ilé.

Ẹ̀rọ ìwọn ọ́síjìn

Lẹ́yìn ojú àti aago, ohun èlò tó wúlò jù lọ ni ẹ̀rọ kékeré tí a ń fi há ìka láti mọ ìwọ̀n ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀. Kò gba ẹ̀jẹ̀, kò dunni, ìṣẹ́jú kan sì tó. Bí ó bá fi iye tí kò tó 90 nínú ọgọ́rùn-ún hàn, àìsàn ti le, aláìsàn nílò ọ́síjìn, ilé ìwòsàn sì gbọ́dọ̀ dá a dúró. Bí iye náà bá wà láàárín 90 àti 93, kí wọ́n máa ṣọ́ aláìsàn.

Ohun mẹ́ta lè mú kí ẹ̀rọ yìí ṣini lọ́nà: ìka tó tutù, làálì tàbí ọ̀dà lórí èékánná, àti àwọ̀ ara tó dúdú, èyí tó lè mú kí ẹ̀rọ fi iye tó ga ju bó ti yẹ lọ hàn. Nítorí náà, bí ẹ̀rọ bá ní ohun gbogbo dára ṣùgbọ́n tí àyà aláìsàn ń wọnú, àyà ni kí a gbà gbọ́.

Ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà, ìwádìí kan wáyé ní ilé ìwòsàn méjìlá, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2019. Ó fi hàn pé nígbà tí àwọn nọ́ọ̀sì gba ẹ̀rọ yìí tí wọ́n sì kọ́ bí a ti ń lò ó fún gbogbo ọmọ tó bá wọlé, ọ́síjìn bẹ̀rẹ̀ sí í dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ tó nílò rẹ̀ ní tòótọ́ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

Àyẹ̀wò wo ló pọn dandan, èwo ló lè dúró?

Nígbà tí òṣìṣẹ́ ìlera bá ti mọ bí àìsàn ti le tó, a lè wá to àwọn àyẹ̀wò tó kù ní ẹsẹ̀-ẹsẹ̀.

Èyí tó yẹ kó tètè wáyé. Àyẹ̀wò ibà tó ń gba ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan, àti àyẹ̀wò ìwọ̀n ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ fún ọmọ tó rẹ̀ tẹnutẹnu tàbí tí gìrì mú. Èsì méjèèjì a máa jáde láìpẹ́, wọ́n sì lè yí ìtọ́jú padà lójú ẹsẹ̀.

Ní Douala, ibà wọ́pọ̀ púpọ̀, ó sì lè mú kí ara ọmọ gbóná kí èémí rẹ̀ sì yára bíi ti òtútù àyà. Ohun tó yẹ kí gbogbo òbí mọ̀ ni pé àìsàn méjèèjì lè wà lára ọmọ kan náà lẹ́ẹ̀kan náà. Bí àyẹ̀wò bá ní ibà wà, ìyẹn kò sọ pé òtútù àyà kò sí. Ọmọ tó ń wúkọ́ tí èémí rẹ̀ sì yára gbọ́dọ̀ gba ìtọ́jú fún méjèèjì.

Èyí tó wúlò fún aláìsàn kan ju òmíràn lọ. X-ray àyà wúlò fún ẹni tí àìsàn rẹ̀ le gan-an, ẹni tí oògùn kò ràn lọ́wọ́ lẹ́yìn ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, tàbí ẹni tí dókítà fura pé omi wà láyìíká ẹ̀dọ̀fóóró rẹ̀. Àyẹ̀wò fáírọ́ọ̀sì, bíi ti Kòrónà, wúlò jù fún ẹni tí èsì náà lè yí ìtọ́jú rẹ̀ padà tàbí tó lè kó àrùn ran aláìlera. Kódà níbi tí kò bá sí àyẹ̀wò Kòrónà, bí ọ́síjìn bá ti lọ sílẹ̀, ìtọ́jú àkọ́kọ́ kò yí padà: ọ́síjìn ni.

Èyí tí ikọ́ tó pẹ́ ń béèrè. Ẹni tó bá ti wúkọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀, tí ó ń rù, tí òógùn ń bò ó lóru, tàbí tó ń wú ẹ̀jẹ̀ mọ́ ikọ́, gbọ́dọ̀ ṣe àyẹ̀wò kẹ̀lẹ̀bẹ̀ fún ikọ́ ẹ̀gbẹ. Ní ọdún 2023, ikọ́ ẹ̀gbẹ pa ènìyàn tó tó mílíọ̀nù kan àti 250,000 lágbàáyé. Kí ẹ̀rù owó má ṣe dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ níbí: ọ̀fẹ́ ni oògùn rẹ̀ ní Kamẹrúùnù. Bákan náà, láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2020, ìjọba ti mú owó kúrò lórí ìtọ́jú HIV ní àwọn ilé ìwòsàn ìjọba, àrùn yìí sì wà lára ohun tó ń mú kí òtútù àyà máa padà wá. Láti 2011 ni ìtọ́jú ibà tí kò le ti jẹ́ ọ̀fẹ́ fún àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún.

Bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ owó níwájú òṣìṣẹ́ ìlera

Ojú a máa ti ọ̀pọ̀ ènìyàn láti sọ pé owó kò tó. Wọn a gba ìwé àyẹ̀wò, wọn a dúpẹ́, wọn a sì kọjá ẹnu ọ̀nà yàrá àyẹ̀wò lọ sílé. Òṣìṣẹ́ ìlera yóò rò pé wọ́n ti lọ ṣe é. Báyìí ni àìsàn tí a lè wò sàn ṣe ń bọ́ sínú ihò tó wà láàárín aláìsàn àti oníṣègùn.

Ìbéèrè mẹ́ta lè ran aláìsàn tàbí òbí lọ́wọ́:

- Nínú àwọn àyẹ̀wò yìí, èwo ni èsì rẹ̀ yóò yí ìtọ́jú padà lónìí?
- Ṣé ìtọ́jú lè bẹ̀rẹ̀ kí èyí tó kù tó wáyé, kí a sì ṣe é bí ara kò bá yá?
- Èwo nínú wọn ni ìjọba ti sọ di ọ̀fẹ́, ibo sì ni a ti lè ṣe é?

Kò sí àfojúdi nínú irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Òṣìṣẹ́ ìlera tó mọṣẹ́ yóò fi inú dídùn dáhùn, nítorí pé ìtọ́jú tí aláìsàn lè parí sàn ju èyí tó dára lórí ìwé lásán lọ.

Ẹnu òṣìṣẹ́ ìlera náà ni ọ̀rọ̀ yìí lè ti kọ́kọ́ jáde. Ìbéèrè ṣókí bíi “Màmá, ṣé ohun kan wà tó lè dí yín lọ́wọ́ láti ṣe àyẹ̀wò yìí?” lè tú àṣírí tí ìtìjú ti bò mọ́lẹ̀.

Ohun tó yẹ kí ilé ìwòsàn ṣe

Ìlànà Àjọ Ìlera Àgbáyé lórí ìtọ́jú pàjáwìrì fún ọmọdé sọ ọ́ kedere: bí ọmọ tó ń ṣàìsàn bá ti wọlé, kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò fún àmì pàjáwìrì, kí wọ́n tó kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ tàbí kí wọ́n ṣe ètò mìíràn. Èyí túmọ̀ sí pé ẹni tó ń to aláìsàn gbọ́dọ̀ wà ní ẹnu ọ̀nà, ṣáájú kàṣíà. Ọmọ tí àyà rẹ̀ ń wọnú kò gbọ́dọ̀ dúró lórí ìlà ìsanwó.

Láti Ndokoti, àwọn ilé ìwòsàn ìjọba tó wà ní agbègbè Douala Kẹta ni ti Logbaba àti ti Nylon. Ilé ìwòsàn Laquintinie wà ní Akwa. Ó yẹ kí ìdílé kọ̀ọ̀kan ti mọ èyí tó sún mọ́ wọn jù àti ọ̀nà tí wọn yóò gbà débẹ̀ lóru, kí àìsàn tó dé. Ìkóríta tó há lọ́sàn-án kò rí bákan náà lóru.

Nínú àpẹẹrẹ tí a fi bẹ̀rẹ̀, ìyá náà gbé ọmọ dé ilé ìwòsàn kí ilẹ̀ tó mọ́. Nọ́ọ̀sì ka èémí: 58. Ẹ̀rọ ìwọn ọ́síjìn fi 88 hàn. Wọ́n fi ọ́síjìn sí i nímú, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fún un ní abẹ́rẹ́ oògùn apakòkòrò. Ìyá ní, “Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀wọ́, owó tó wà lọ́wọ́ mi kò lè tó fún gbogbo àyẹ̀wò.” Nọ́ọ̀sì dáhùn pé, “Màmá, ó dára bí ẹ ti sọ ọ́. Ti ibà nìkan ni a óò ṣe ní àárọ̀ yìí. X-ray lè dúró, a óò wo bí oògùn ti ń ṣiṣẹ́.” Àyẹ̀wò fi hàn pé ibà náà wà lára ọmọ. Wọ́n tọ́jú méjèèjì. Ní ọjọ́ kẹta, ọmọ ń mu ọmú dáadáa, èémí rẹ̀ sì ti wálẹ̀ sí 36. Wọn kò ṣe X-ray náà mọ́.

Kì í ṣe gbogbo ọmọ ló ń rí irú àyọrísí bẹ́ẹ̀. Bí ìyá náà bá dúró di ìgbà tó rí owó gbogbo àyẹ̀wò, ọ̀rọ̀ náà ìbá má rí bẹ́ẹ̀.

Ìtọ́jú láti ilé

Ọmọ tí òṣìṣẹ́ ìlera bá ti yẹ̀ wò tí kò rí àmì ewu lára rẹ̀ lè gba ìtọ́jú nílé. Kí òbí máa fún un ní ọmú tàbí omi léraléra, kí ó sì máa bọ́ ọ. Bí wọ́n bá fún un ní oògùn apakòkòrò, kí ó lò ó tán bí wọ́n ti kọ ọ́, kódà bí ara rẹ̀ bá yá kí oògùn tó tán. Kí ó padà lọ fún àyẹ̀wò lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta. Bí èémí bá túbọ̀ yára tàbí bí àmì ewu kan bá yọ, kí ó má dúró de ọjọ́ tí wọ́n dá.

Oyin díẹ̀ tàbí omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ lè tu ọ̀fun lára, ṣùgbọ́n ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan kò gbọ́dọ̀ lá oyin. Oògùn ikọ́ tó ní codeine nínú kò dára fún ọmọdé, nítorí pé ó lè dín èémí kù. Oògùn tí wọ́n ń kiri ní ojú pópó léwu: oòrùn lè ti bà á jẹ́, ó lè jẹ́ ayédèrú, iye tó yẹ kí ọmọ lò sì lè má sí lára rẹ̀. Oògùn apakòkòrò kò ní agbára lórí fáírọ́ọ̀sì. Ẹni tó bá ń lò ó fún ọ̀fìnkìn ń fi owó ṣòfò, ó sì ń kọ́ àwọn kòkòrò ní ọ̀nà tí wọn yóò fi borí oògùn náà lọ́la.

Ìdènà

Àjẹsára tó ń dènà òtútù àyà tí kòkòrò pneumococcus ń fà ti wà nínú ètò àjẹsára ọmọdé ní Kamẹrúùnù láti 2011, ọ̀fẹ́ ni, ó sì wà fún gbogbo ọmọ. Ọmú ìyá nìkan fún oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, oúnjẹ tó ṣara lóore lẹ́yìn náà, àti fífi ọṣẹ fọ ọwọ́ a máa dín àìsàn èémí kù. Èéfín ìdáná inú ilé pa ènìyàn tó tó mílíọ̀nù mẹ́ta àti 200,000 ní ọdún 2020, àwọn ọmọ tó lé ní 237,000 tí wọn kò tíì pé ọdún márùn-ún sì wà lára wọn. Níbi tí kò bá ti sí gáàsì, kí a dáná ní ìta tàbí ní ibi tí atẹ́gùn ti ń wọlé, kí ọmọ sì jìnnà sí ẹyìnná.

Ní ìparí

Àyẹ̀wò inú yàrá àyẹ̀wò a máa sọ orúkọ àrùn. Èémí ló ń sọ bí àrùn ti le tó. Ẹni tí kò lówó lọ́wọ́ lè gbé aṣọ ọmọ rẹ̀ sókè, kí ó wo aago, kí ó sì kà. Bí iye náà bá ti kọjá bó ti yẹ, tàbí bí àyà bá ń wọnú, kí ó gbéra. Ọ̀rọ̀ owó yóò wáyé ní ilé ìwòsàn, nígbà tí ọmọ bá ti wà lọ́wọ́ ẹni tó lè tọ́jú rẹ̀.